Bí A Ti Í Gun Kẹ̀kẹ́ Rin Ọ̀nà Jíjìn Kí A sì Dé

Ní ọdún 1952, ọmọ Nàìjíríà kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, Ọlábísí Àjàlá, gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú Chicago títí dé Los Angeles. Ọ̀nà náà tó máìlì 2,280, ọjọ́ 28 ni ó sì fi rìn ín. Bí olùkàwé bá pín in, yóò rí i pé díẹ̀ lé ní máìlì 80 ni ó bọ́ sí ojúmọ́ kan, èyí tí ó tó ìrìn Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá sáré rin máìlì 150 ní ọjọ́ kìíní, tí ó sì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Rẹ́mọ, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì. Kí alùpùpù tó gba ọ̀nà, òun ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń gbé obì àti ẹ̀gẹ́ lọ sí ọjà. Láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà. Ẹni tí ó bá fi gbogbo agbára sáré yóò dé, yóò mí, yóò sì gbàgbé. Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Abẹ́òkúta kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ara. Ṣúgà tí ara fi pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan kò pọ̀. Iṣẹ́ àṣekára wákàtí méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbẹ ẹ́ tán. Ọ̀rá pọ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni ó ń jó. Ẹni tí ó bá rọra ń lọ a máa jó ọ̀rá, a sì máa dá ṣúgà sí fún òkè tí ó wà níwájú. Ẹni tí ó sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀sán yóò bá lójú ọ̀nà, tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, tí òógùn tútù yóò sì bò ó. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú a máa gba owó-bodè: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ a di ìlọ́po mẹ́rin.

Kò sí ìwọ̀n tí ó rọrùn ju ẹnu lọ. Bí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ bá lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ geere, eré rẹ̀ dára. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu rẹ̀, kí ó dẹwọ́. Ní wákàtí àkọ́kọ́, kí ó rìn bí ọ̀lẹ. Bí òkè bá ga, kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó fi í ṣẹ̀sín ni yóò bá lẹ́bàá ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́.

Kí ó jẹun kí ebi tó pa á: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀kọ, tàbí gààrí rírẹ tí ó ní ṣúgà, ní wákàtí-wákàtí. Ọ̀rọ̀ obì kò ṣeé fò, nítorí ilé gbànja ni Rẹ́mọ. Obì a máa lé oorun, a sì máa pa ebi mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ó fi í rọ́pò oúnjẹ kì yóò mọ̀ pé ó ti rẹ òun títí yóò fi ṣubú.

Omi ńkọ́? Nínú oòrùn ilẹ̀ yìí, òógùn lítà kan lè jáde ní wákàtí kan. Kí ó máa mu díẹ̀díẹ̀ bí òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́, kí ó sì jẹ ohun tí ó ní iyọ̀, nítorí omi lásán tí ó pọ̀ jù a máa dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ti pa àwọn alágbára. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, kí ó sì sinmi lábẹ́ igi láti agogo méjìlá dé agogo mẹ́ta. Bí ara ẹnìkan bá gbóná janjan, tí ó sì ń sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n gbé e sí ibòji, kí wọ́n da omi tútù sí i lára kíákíá, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ikú kò jìnnà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe ìdíje Paris sí Brest àti àbọ̀ ní ọdún 1891, Charles Terront kọjá Jiel-Laval bí èyí ti ń sùn, ó sì gbégbá orókè. Eré ìje ni ìyẹn. Àwọn tí ń rin ọ̀nà náà lóde òní, kìlómítà 1,200, ní tó wákàtí 90, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa sùn díẹ̀ lọ́nà.

Ẹni tí ń lọ láti Ṣàgámù, kí ó yẹra fún ọ̀nà márosẹ̀ nítorí ọkọ̀ ńlá. Kí ó fẹ́ táyà rẹ̀ kí ó le, kí ó sì gbé ìjókòó ga tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún yóò fi tẹ̀ díẹ̀ péré nígbà tí ẹsẹ̀ bá dé ìsàlẹ̀. Ìjókòó tí ó rẹlẹ̀ jù ni ó ń ba orúnkún jẹ́.