Ẹni Tó Bá Fẹ́ Ra Ráífù Àkọ́kọ́, Ìwé Ni Kó Kọ́kọ́ Wá

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Jos àti Bukuru là ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbọn la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn bàbá wa ti gbéra wá ṣòwò níbí láyé ìwakùsà, ọdẹ sì ni Ogúnlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Bí ẹni tí iṣẹ́ ọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá wá rí ṣe díẹ̀ nídìí ọjà, tó ní òun fẹ́ ra ìbọn gidi kan, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè láyé ìsinsìnyí ti yàtọ̀ sí ti àwọn bàbá wa. Wọn ò béèrè ṣakabùlà mọ́. Ráífù ni wọ́n ń béèrè, èyí tó máa lọ jìnnà, tó máa ba ibi tí wọ́n nà án sí gẹ́lẹ́, tí kò sì ní gba gbogbo owó ọjà lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè náà kò burú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló burú. Orúkọ ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, wọ́n á béèrè iye rẹ̀, wọ́n á wá ẹni tó máa bá wọn mú un wọlé, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti fẹ́ parí ni wọ́n á rántí pé ọlọ́pàá wà nílùú. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá gbà á bẹ́ẹ̀ ti gbé e dorí kodò. Òfin ló máa sọ irú ọta tí ẹ lè ní, ọta ló máa sọ irú ìbọn, ìgbà náà ni owó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ráífù. Ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ, inú ọ̀pá rẹ̀ dán ni, ẹnu ni wọ́n sì ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i. Ìbọn ọdẹ tó ń lo katiríìjì, yálà ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, inú tiẹ̀ náà dán. Ọta wẹ́wẹ́ ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa fọ́n ká bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó dára fún ẹyẹ àti ehoro, àmọ́ tó bá ti kọjá nǹkan bí 40 yáàdì, agbára ẹ̀ ti ń tán. Ti ráífù yàtọ̀. Wọ́n gbẹ́ ilà tó lọ́ bí okùn sí inú ọ̀pá rẹ̀, ilà yìí ló ń mú kí ọta kan ṣoṣo tó bá jáde máa yí bí òkòtó. Bí òkòtó bá ń yí, ó ń dúró ṣánṣán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta tó ń yí kì í ṣe ségesège lójú ọ̀nà. Àṣírí ìbọn tó ń ba ọ̀nà jíjìn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyókù wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ọ̀pá náà àti ẹni tó gbé e dání.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí òfin. Òfin Ìbọn tí Nàìjíríà ń lò, ọdún 1959 ló ti wà, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Ìsọ̀rí kìíní ni èyí tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní àfi bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí i: àgbá, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, gbogbo ìbọn ìléwọ́, àti àwọn ráífù tí òfin pè ní ti ológun. Ìsọ̀rí kejì ni èyí tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá lè fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì ẹ̀: ìbọn ọdẹ tí kì í fúnra ẹ̀ ki ọta, ráífù táwọn ọdẹ àti eléré ìdárayá ń lò, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Òun náà nílò ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdẹ ló gbà pé ìbọn tí bàbá bàbá òun lò kò nílò ìwé kankan.

Ibi tí pańpẹ́ wà fún ẹni tó fẹ́ ra ráífù nìyí. Fífẹ̀ ọta ni òfin wa fi ń dá ráífù ológun mọ̀: 7.62 mìlímítà, 9 mìlímítà, .300 ínṣì àti .303 ínṣì. Ẹ wá lọ sílé ìtajà ìbọn ní Amẹ́ríkà, ẹ ní ẹ fẹ́ ráífù àkọ́kọ́ tó máa ba ọ̀nà jíjìn tí owó ẹ̀ ò sì wọ́n, ọ̀kan nínú àwọn ọta tí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín ni .308 Winchester. Orúkọ yẹn kò jọ èyí tó wà nínú ìwé òfin wa, àmọ́ ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ọta 7.62 tí àwọn ọmọ ogun NATO ń lò. .30-06 náà ò yàtọ̀, fífẹ̀ kan náà ni. .300 Winchester Magnum, orúkọ ẹ̀ ti ṣòfófó ara ẹ̀. Ní ti .303, ọta ìbọn Lee-Enfield ni, èyí táwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa gbé lọ sí Burma láyé ogun Hitler. Ìbọn tí àgbẹ̀ kan ní Texas ń fi pa àgbọ̀nrín láìsí wàhálà, tó bá dé Terminus, ìbọn ológun ni òfin máa pè é. Ẹni tó bá rà á torí ọ̀rẹ́ kan sọ pé ìbọn ọdẹ lásán ni, ẹ̀wọ̀n ló fowó ara ẹ̀ rà.

Èyí tó kù fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀lé òfin kò burú rárá. .243 Winchester wà, .270 Winchester náà wà látọdún 1925, bẹ́ẹ̀ ni 6.5 Creedmoor tí ilé-iṣẹ́ Hornady gbé jáde lọ́dún 2007. Tí a bá ń sọ ti ká yìn ín kó lọ tààrà, èyí tó gbẹ̀yìn yìí máa ń ṣe ju .308 lọ bí ọ̀nà bá ti jìn, kì í sì í ti èjìká sẹ́yìn tó o. Nítorí náà, ohun tí òfin gbà lọ́wọ́ wa kò tó ohun tí àwọn kan ń sunkún lé lórí. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé bóyá ọta rẹ̀ wà kí ẹ tó ronú lórí ìbọn. Ìbọn tí kò rí ọta rà, ọ̀pá lásán ni, ọ̀pá tó wọ́n.

Mo gbọ́ táwọn kan ń pe pọ́ǹpù-ákíṣọ̀n ní ráífù. Kì í ṣe ráífù, inú ẹ̀ dán. Òfin sì yọ ìbọn ọdẹ tó ní ẹ̀rọ tí ń ki ọta kúrò lára èyí tí ọlọ́pàá lè fún aráàlú ní láísẹ́ǹsì ẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2017, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mú ọkọ̀ kan l'Ékòó tó kó 661 irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kan bá fi ọ̀kan lọ̀ yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ bi ara yín léèrè ibi tó ti rí i.

Ta ni wọ́n lè fún ní láísẹ́ǹsì? Òfin ní ẹni náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí ọdún 17, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, tàbí ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Pé ẹ kún ojú òṣùwọ̀n yìí kò sọ ọ́ di dandan kí wọ́n fún yín o, ọwọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ló kù sí. Olú-iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni kí ẹ ti lọ béèrè, ẹ má gba ọ̀dọ̀ alágbàtà. Láísẹ́ǹsì tó jẹ́ orúkọ bàbá kì í ṣe ti ọmọ. Bí bàbá bá kú, ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, ẹ má kan fi ìbọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ti ìyà, òfin lórí ìdigunjalè àti ìbọn sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò ní ìwé mọ́ lọ́wọ́ lè san owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí 20,000 náírà tàn yín jẹ. Adájọ́ ló ń yàn, kì í ṣe ẹni tí wọ́n mú.

Ní Jos tiwa yìí, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú rí lọ́dún 2001, 2008 àti 2010. Ilé jó, ìsọ̀ jó, èèyàn kú, àwọn ẹlòmíì nínú wa kó padà sílé, wọn ò sì wá mọ́. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ ẹnì kan nínú bùùtù ọkọ̀, kò sí sọ́jà tó máa bi í bóyá ẹtu ló fẹ́ fi pa. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ẹ̀yà ẹ̀, wọ́n á béèrè ẹni tó rán an. Ẹnì kan ló gbé ìbọn, àmọ́ gbogbo àdúgbò làwọn èèyàn máa fi orúkọ ẹ̀ pè. Ẹni tó bá ń gbé láàárín àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ rò ó dé ibẹ̀.

Mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò: ọ̀pọ̀ tó ń béèrè ráífù, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọn kì í ṣe ọdẹ. Mi ò bá wọn jà, ẹ̀rù náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n ráífù tó ń ba ọ̀nà jíjìn kò wúlò fún ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ní àdúgbò tí ilé fara kan ilé, ọta .270 lè gba ara olè kọjá, kó lọ bá ọmọ aládùúgbò lórí ẹní. Tí kò bá bá nǹkan pàdé, ó lè rìn ju máìlì méjì lọ kó tó balẹ̀. Irin ojú wíńdò, iná ìta àti ọmọ àdúgbò tó mọ ara wọn lóru ń ṣe ju ìyẹn lọ, owó wọn ò sì tó tiẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ọmọ àwọn wà ní Amẹ́ríkà, yóò rà á, yóò fi sínú kọntéínà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá ọmọ ọlọ́mọ dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí sílẹ̀. Ó lòdì sí òfin ibẹ̀ kó kó ìbọn jáde láìgbàṣẹ, ó lòdì sí ti ibí kó kó o wọlé bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àlejò ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò tiẹ̀ gbà á láàyè láti ní ìbọn rárá, àfi nínú ìwọ̀nba ipò bíi kó ní ìwé àṣẹ ọdẹ.

Ó dáa, ká gbà pé ìwé ti jáde. Báwo la ṣe máa náwó tí kò pọ̀? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn kó gbogbo owó lé ìbọn, kó wá lọ ra awò tí kò dáa. Ráífù tí ẹ kò fojú rí ibi tó dojú kọ kò lè bà á. Bí ẹ bá ní owó kan, ẹ jẹ́ kí ìbọn gba nǹkan bí ìdajì, kí awò àti irin tó ń dè é mọ́lẹ̀ gba púpọ̀ nínú ìyókù, kí ẹ sì fi ti ọta sílẹ̀, torí ẹni tí kò rí ọta fi dánra wò kò lè mọ ìbọn yìn. Ruger American, Savage Axis àti Howa 1500 láti Japan, owó wọn kò ga bíi ti àwọn olórúkọ ńlá, ọ̀pá wọn sì ń yin ọta síbi kan náà léraléra. Èmi ò ní fi owó ra igi dídán tàbí iṣẹ́ ọnà lára irin. Awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ti tó fún 300 yáàdì. Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ tànná sínú ọ̀pá rẹ̀: tí ẹ bá rí ìpatà tàbí tí ilà inú rẹ̀ ti parẹ́ nítòsí ẹnu, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Àwọn tó ń tajà máa ń sọ pé ìbọn àwọn ń yìn sínú ínṣì kan ní 100 yáàdì. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ínṣì kan yẹn di márùn-ún ní 500 yáàdì, ìyẹn tí atẹ́gùn ò bá fẹ́ o. Ọta .270 tí wọ́n tò kó ba àárín ní 100 yáàdì yóò ti lọ sílẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ní 300, á tó mẹ́rin ní 500. Atẹ́gùn ọyẹ́ tí ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ní máìlì mẹ́wàá láàárín wákàtí kan lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí 20 ínṣì ní 500 yáàdì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọyẹ́ Jos, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kò tíì le. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibí fúyẹ́ ju ti Èkó, ọta kì í tètè rẹ̀. Ráífù tí wọ́n bá tò l'Ékòó yóò ba òkè díẹ̀ níbí bí ọ̀nà bá jìn, ẹ tún un tò.

Láísẹ́ǹsì ìbọn kì í ṣe àṣẹ láti dẹ ìgbẹ́ ní Yankari tàbí Pandam o. Ọgbà ẹranko ni wọ́n.

Tí ẹ bá bi mí, ráífù àkọ́kọ́ tí mo máa sọ fún ẹni tí owó ẹ̀ kò pọ̀ ni ìbọn afẹ́fẹ́, èyí tí ọta rẹ̀ jẹ́ 4.5 tàbí 5.5 mìlímítà. Àwọn ọmọdé ń fi pa ẹyẹ, àwọn òbí ò sì mọ̀ pé ìsọ̀rí kejì ni òun náà wà, kò gbọ́dọ̀ wà láìní láísẹ́ǹsì. Àmọ́ ọta rẹ̀ ò wọ́n, kò pariwo tó ráífù, ilà inú ọ̀pá rẹ̀ ń yí ọta bíi ti ìbọn ńlá, kì í sì í fojú fo àṣìṣe: bí èémí yín bá gbọ̀n, bí ìka yín bá fà á pẹ̀lú ìkánjú, ẹ máa rí i lára páálí. Nínú ìdíje Òlíńpíìkì, mítà 10 péré ni wọ́n ti ń yìn ín, àmì àárín tí wọ́n ń lépa kò sì fẹ̀ ju 0.5 mìlímítà lọ. Ẹ wá oko tí òkìtì erùpẹ̀ gíga wà níwájú ẹni tó ń yìn, ẹ sọ fún àwọn tó yí ibẹ̀ ká, kí láísẹ́ǹsì wà nínú àpò, kí ẹ fi owó kọ́bọ̀ kan fa àmì sára páálí ní mítà 10. Ìgbà tí ọta mẹ́wàá bá ti ń wọ inú àmì yẹn tẹ̀léra, ẹ lè wá máa béèrè iye tí wọ́n ń ta .243.