Omi Tó Mọ́ Lójú Lè Má Ṣeé Mu

Bí a bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, ohun mẹ́ta la máa ń wò lára omi: àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. Bí wọn kò bá yí padà, ọkàn wa balẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó tó ṣe àlùwàlá lè má tó mu. Kòkòrò tó ń fa onígbá-méjì tàbí taifọ́ọ̀dù lè wà nínú omi kí ojú àti imú má mọ̀.

Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ti kànga mọ́sálásí wa. Ó mọ́ lóló, àwọn ìyá sì ń pọn ọ́n lọ sílé fún ọmọ. A bu díẹ̀ sínú ìgò àyẹ̀wò H2S, èyí tí wọ́n gbé jáde ní Íńdíà ní 1982. Oògùn wà nínú ìgò náà. A ó gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí omi bá dúdú, ìfura wà. Tiwa dúdú bí èédú.

Àwọn àgbà kan ní omi tí bàbá wọn mu náà nìyẹn. A kò bá wọn jiyàn, nítorí ìgò yìí lè ṣini lọ́nà nígbà mìíràn. A gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò, nínú ìgò tí wọ́n fún wa, lọ́jọ́ náà gan-an.

E. coli, tó ń gbé nínú ìfun ènìyàn àti ẹran, ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Bó bá wà, ìgbẹ́ ti dé inú omi nìyẹn. Wọ́n á fi asẹ́ tín-ín-rín sẹ́ omi, wọ́n á gbé asẹ́ náà lé oúnjẹ kòkòrò, wọ́n á fi í sínú ooru 44°C fún nǹkan bí wákàtí 24. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan á bí sí i títí yóò fi hàn bí àmì tó ṣeé kà. Àjọ WHO ní kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan nínú 100 mílílítà omi mímu. Wọ́n rí i nínú tiwa.

Ṣaláńgá ló sún mọ́ kànga jù. Ní báyìí, àlùwàlá àti ìfọṣọ la ń fi omi náà ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún, kí ó sè é títí yóò fi hó yaya, kí ó sì dé e.

Ẹ yẹ kànga tiyín wò kí òjò tó dé. Kí Ọlọ́hun dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí. Àmín.