Ìfọwọ́síwèé Kì í Ṣe Ìmọ̀: Kíkọ́ Òṣìṣẹ́ ní Òfin Ìdíje Òwò

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ òfin kan tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń rú láìmọ̀, tí àwọn mìíràn sì ń mọ̀ọ́mọ̀ rú nígbà tí wọ́n bá rò pé ojú ẹnikẹ́ni kò tó wọn. Òfin ìdíje nínú òwò ni. Ohun tí òfin náà ń wí kò ṣòro. Ó ní kí àwọn tí ń ta irú ọjà kan náà máa bá ara wọn díje, kí oníkálukú fi òye ara rẹ̀ dá iye lé ọjà rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ kó ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀ láti fẹnu kò lórí iye tí oníbàárà yóò san. Wọn kò gbọdọ̀ pín ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń pín ilẹ̀ oko. Bí ìjọba bá sì pe tẹ́ńdà, wọn kò gbọdọ̀ jọ gbìmọ̀ ẹni tí iṣẹ́ náà yóò já mọ́ lọ́wọ́. Òfin náà tún kan ẹni tí ó ti tóbi jù lọ́jà tí ó ń fi agbára rẹ̀ ti àwọn kékeré síta, ṣùgbọ́n àdéhùn ìkọ̀kọ̀ ni n óò dúró lé lórí, nítorí òun ni ó sábà máa ń sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ òwò, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lọ́la, ìbéèrè tí ó kàn yín nìyí: báwo ni a ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́ ní irú òfin báyìí tí yóò fi wọ̀ ọ́ lára? Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo kòtò kan tí àwọn ènìyàn pàtàkì jìn sí ní Amẹ́ríkà.

Láti ọdún 1890 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin tí ó lòdì sí àdéhùn ìkọ̀kọ̀ láàrin àwọn oníṣòwò. Síbẹ̀, láàrin ọdún 1950 sí 1960, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe tiransifọ́mà, àti ẹ̀rọ tí ń pín iná, àti àwọn ẹ̀rọ ràgàjì tí ń pèsè iná mànàmáná, ń pàdé ní bòókẹ́lẹ́. General Electric àti Westinghouse ni aṣíwájú wọn. Ní ọdún 1959, àjọ ìjọba tí ń pèsè iná ní àfonífojì odò Tennessee kígbe síta. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ara wọn díje ń mú tẹ́ńdà wá nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, ṣùgbọ́n bí òun bá tú àwọn àpòòwé náà, iye kan náà ni òun ń bá nínú wọn, títí dé kọ́bọ̀ tí ó gbẹ̀yìn. Ẹ wò ó ná: bí ọmọ kíláàsì mẹ́ta bá ṣi ìṣirò kan náà, tí àṣìṣe wọn sì bára mu, ṣé olùkọ́ yóò ní ó ṣe kòńgẹ́ ni?

Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tú ọ̀ràn náà wò ní ìlú Philadelphia, ohun tí wọ́n bá nídìí rẹ̀ dà bí eré. Nọ́ńbà ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi ń pe ara wọn: General Electric ni 1, Westinghouse ni 2. Tẹlifóònù ìta gbangba ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìwé orúkọ àwọn tí yóò wá sí ìpàdé ni wọ́n ń pè ní orúkọ àwọn tí a óò fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́ sí, wọ́n sì ń pe ìpàdé náà fúnra rẹ̀ ní ìdánrawò akọrin. Ní apá ọjà kan, wọ́n tẹ ìwé kan tí ń yí padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tí ó ń fi han oníkálukú ìgbà tí yóò mú iye tí ó kéré jù wá àti ìgbà tí yóò gbé iye sókè kí ẹlòmíràn lè jẹ. Ìrìn òṣùpá ni wọ́n fi ń pe ìwé náà. Oníbàárà rò pé wọ́n ń du ọjà òun ni, àṣé wọ́n ti pín in tán kí wọ́n tó wọlé.

Ní oṣù Kejì ọdún 1961, adájọ́ dá ẹjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ 29 àti àwọn ọ̀gá wọn tí ó lé ní 40 ni ọ̀ràn náà bá. Owó ìtanràn gbogbo wọn sún mọ́ mílíọ̀nù 2 dọ́là, owó ńlá nígbà náà. Èyí tí ó ya ayé lẹ́nu jù ni pé ọ̀gá méje lọ ṣẹ̀wọ̀n ọgbọ̀n ọjọ́. Wọn kì í ṣe jàǹdùkú. Ẹni iyì ni wọ́n láwùjọ, tí aládùúgbò ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníbàárà tí wọ́n ti san owó lé owó tún pe àwọn ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ẹjọ́ tí ó lé ní 1,800, èyí tí ó náni ju ìtanràn ìjọba lọ fíìfíì.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. General Electric kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí kò ní òfin. Ó ti ní ìwé àṣẹ kan, nọ́ńbà 20.5, fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ẹjọ́ yìí. Ìwé náà ní òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ bá ilé-iṣẹ́ abánidíje ṣe àdéhùn lórí iye owó, ìbáà ṣe èyí tí a kọ sílẹ̀ tàbí èyí tí a kò kọ. A ń pín in fún àwọn máníjà, wọ́n sì ń fọwọ́ sí i. Àwọn kan tí wọ́n fọwọ́ sí i wà lára àwọn tí wọ́n lọ sí ìdánrawò akọrin. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ pè wọ́n jókòó ní ọdún 1961 kan náà, wọ́n ṣàlàyé pé àwọn kò rò pé ọ̀gá ka ìwé náà sí. Àwọn kan ní ọ̀gá a máa ṣẹ́jú sí àwọn bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìwé ń wí báyìí, ojú ọ̀gá ń wí bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀gá ni òṣìṣẹ́ sì kà.

Lójú tèmi, ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí lórí òfin ìdíje, kí a tó ka ẹsẹ òfin kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá pín ìwé, tí ó gba ìfọwọ́sí, tí ó sì kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀rí ni ó ń kó jọ pé òun kìlọ̀. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé ta ni ewu náà lè bá. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó ń dá iye lé ọjà. Ẹni tí ń tajà, ẹni tí ń kọ tẹ́ńdà, ẹni tí a ń rán lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kan náà, àti ọ̀gá pátápátá, àwọn ni a gbọ́dọ̀ pè jókòó ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kí a kó igba ènìyàn sínú gbọ̀ngàn kan kí wọ́n máa tòògbé. Kí olùkọ́ wá gbé ọ̀ràn kalẹ̀ fún wọn bí ẹni ń ṣeré orí ìtàgé. O wà ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ ti gbàdúrà, ẹ ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí ó bàjẹ́ àti lórí owó-orí. Lójijì, ẹnì kan ní, “Ẹ̀yin ará, ṣé iye yìí náà ni a óò máa tà á títí ni?” Kí ni ìwọ yóò ṣe?

Ọ̀pọ̀ yóò ní àwọn yóò dákẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, ìdákẹ́jẹ́ náà ń mú ọ̀ràn wá. Ní ilé-ẹjọ́ Yúróòpù, ẹni tí ó jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tí kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ní gbangba, mọ́ àwọn tí ó ṣe àdéhùn ni a ń kà á, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó sọ pé òun kò lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ yẹn, kí ó dìde, kí ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jáde, kí ó sì ròyìn fún agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Gbólóhùn kékeré ni, àmọ́ ó ṣòro láti sọ láàrin àwa tí a tọ́ dàgbà pé a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ léraléra ní yàrá ẹ̀kọ́ kí ó tó lè jáde lẹ́nu ẹni níta.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì gbọdọ̀ parí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ní ọdún 2006, àwọn olùyẹ̀wò láti Àjọ Yúróòpù lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ iná kan, E.ON, ní ìlú Munich ní Jámánì. Wọ́n ti ìwé mọ́ yàrá kan, wọ́n sì lẹ èdìdì mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n rí i pé èdìdì náà kò rí bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàròyé pé ó lè jẹ́ oògùn tí àwọn tí ń nu ilé ń lò ni ó bà á jẹ́. Wọn kò gbà. Mílíọ̀nù 38 owó Yúrò ni ìtanràn èdìdì yẹn ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ gíga sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà ẹni tí ń gbá ilẹ̀ náà wà lára ẹni tí a gbọ́dọ̀ kọ́.

Apá mìíràn tún wà tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fò: ohun tí ó yẹ kí a ṣe bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ti wáyé. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ilé-iṣẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ fún ìjọba lè bọ́ lọ́wọ́ ìtanràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ní Yúróòpù gbìmọ̀ pọ̀ fún ọdún 14, láti 1997 dé 2011. MAN ni ó tú àṣírí náà. Nígbà tí ẹjọ́ dé ní ọdún 2016, MAN kò san kọ́bọ̀; àwọn tí wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi pẹ̀lú rẹ̀ san bílíọ̀nù 2.93 owó Yúrò. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ pé irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wà yóò máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni, ẹlòmíràn yóò sì sáré ṣáájú.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń dín ìyà kù? Ìjọba Amẹ́ríkà kéde ní ọdún 2019 pé àwọn yóò wo bí ètò ilé-iṣẹ́ ti gbéṣẹ́ tó kí àwọn tó pinnu láti fi ẹ̀sùn kàn án. Àjọ Yúróòpù kò gbà bẹ́ẹ̀: lójú tiwọn, ètò tí kò dènà ẹ̀ṣẹ̀ kò yẹ fún ẹ̀dínwó. Èmi fara mọ́ ti Yúróòpù díẹ̀, nígbà tí mo bá rántí ìwé àṣẹ 20.5.

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ wálé. Benin àti Togo ti wà lábẹ́ òfin ìdíje àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ná owó sẹ́fà láti ọdún 2003. Ní Nàìjíríà, òfin ti ọdún 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ni ó gbé àjọ kan kalẹ̀ láti bójú tó ìdíje àti ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ẹni tí ó bá lọ́wọ́ nínú àdéhùn lórí iye owó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó tí ó pa wọlé ní ọdún tí ó ṣáájú. Òfin náà kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ náà gba ìtanràn mílíọ̀nù 110 dọ́là lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ sìgá British American Tobacco, ó sì ní òun yóò máa ṣọ́ ọ fún oṣù 24.

Ṣùgbọ́n òfin yìí kò yọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ olùkọ́ ti le jù láàrin wa. Ẹgbẹ́ ni agbára oníṣòwò Yorùbá. Ẹgbẹ́ ní í sìnkú, òun ní í dá àjọ, òun ní í parí ìjà, òun ní í rí i pé òṣùwọ̀n péye. Kò sí òfin tí ó lòdì sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Kò sì lòdì sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń bá ìjọba dúnàádúrà lórí owó oṣù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Àmọ́ bí ẹgbẹ́ bá dá iye kan, tí ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà sísàlẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń gba igbá lọ́wọ́ ẹni tí ó bá tà pọ́ọ́kú, ohun tí wọ́n ṣe ní Philadelphia náà ni. Ó lè dun olùkọ́ láti sọ ọ́, nítorí ó lè jẹ́ pé owó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi rán an níwèé. Kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì sọ pé ìyá ẹlòmíràn ni ó ra ọjà náà lọ́wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ní kíláàsì, ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ṣe ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì. Kí ẹnì kan dá ọ̀rọ̀ iye owó sílẹ̀, kí mẹ́ta gbà, kí ẹnì kan dìde jáde, kí ẹni kẹfà jókòó sí igun, kí ó máa wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù pé ènìyàn mélòó nínú mẹ́fà náà ni ó rú òfin, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó wà ní igun kọ́kọ́ dáhùn.