Ìyá padà sí ọjà: kí ni ọmọ yóò jẹ?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan ní Kétu. Gàrí ni ó ń tà. Ọmọ rẹ̀ pé oṣù 14; ó ti ń rìn, kò sì fẹ́ kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá ti bí i, kò tíì fi í sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n owó òwò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ìyá kò bá lọ sí ọjà, kò sí ohun tí wọn yóò fi ra ẹja àti epo. Bí ó bá sì lọ, ta ni yóò bọ́ ọmọ?

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọbẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́. Aránṣọ ni òmíràn, onídìrí ni òmíràn, òmíràn sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Kí ìyá padà sí ẹnu iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Owó tí ó bá mú bọ̀ ni ọmọ náà yóò jẹ. Ohun tí ó yẹ ni kí a ṣètò oúnjẹ ọmọ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé.

Ọmú kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá ní ìmọ̀ràn pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kí a fi oúnjẹ kún un, kí ọmọ sì máa mu ọmú lọ títí yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń já ọmọ lẹ́nu ọmú lójijì nígbà tí òwò bá pè wọ́n. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ti ń jẹun lè mu ọmú ní ìdájí kí ìyá tó jáde, kí ó mu ún nígbà tí ìyá bá dé, kí ó sì tún mu ún lóru. Bí ọmọ bá ṣe ń mu ọmú tó ni ọmú ń sun tó. Bí kò bá mu ún mọ́, ọmú yóò gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1998 fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 14 fún ìsinmi ìbímọ. Ó tún fún un ní wákàtí kan lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú, fún oṣù 15.

Ògì lásán kò tó

Ìyá wa ti Kétu fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì padà sí ọjà. Nígbà tí oṣù kan kọjá, aṣọ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ilé ìwòsàn, kò wúwo tó bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà kò fi ebi pa á. Ògì ni ó ń fún un láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ògì náà ṣàn bí omi.

Ikùn ọmọdé kéré. Bí omi bá kún un, kò sí àyè fún oúnjẹ mọ́. Ọmọ yóò yó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ní rí nǹkan lò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ògì ki, kí ó má máa ṣàn kúrò nínú ṣíbí.

Ẹ fi nǹkan kún un pẹ̀lú. Ẹ wọn ìwọ̀n àgbàdo 3, kí ẹ sì wọn ìwọ̀n ẹ̀wà sóyà 1. Ẹ yan sóyà náà, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àgbàdo. Ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná dára, ẹja gbígbẹ tí a gún dára, epo pupa ṣíbí kan náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún ọmọdé ní ẹ̀pà tí a kò lọ̀. Ó lè há a lọ́fun.

Láti oṣù 12 títí di ọdún 2, kí ọmọ jẹun ní ìgbà 3 tàbí 4 lójúmọ́. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìbẹ́pẹ kún un láàárín. Kí ẹni tí yóò bọ́ ọ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó sì ní sùúrù. Ẹ má ṣe fi ipá rọ ọmọ.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún àgbà

Ó ṣòro fún ìyàwó láti kọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìtọ́jú ọmọ. Ìyá wa ti Kétu kúnlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

— Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ kí n rí ọjà ná. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí a máa fi ẹ̀pà, ẹja àti ẹyin kún oúnjẹ rẹ̀. Èmi ni yóò máa pèsè rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó lọ.

— Ẹyin kẹ̀, ìyàwó mi? Ṣé kò ní di olè?

— Ìyá, ẹni tí a kò kọ́ ní ìwà ni ó ń jalè. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́ ọ.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní:

— Ó dára. Sọ fún ọkọ rẹ kí ó máa ra ẹyin náà wálé.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí tọ́. Ìṣòro náà kì í ṣe ti ìyá nìkan. Bàbá lè ra ẹja, ó lè bọ́ ọmọ, ó sì lè gbé e lọ fún wíwọ̀n. Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ fẹ́ padà sí ẹnu iṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ máa bọ́ ọ níṣojú yín. Ẹ lọ ìyẹ̀fun rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ sì máa gbé ọmọ lọ fún wíwọ̀n lóṣooṣù: òṣùwọ̀n yóò sọ fún yín bí oúnjẹ rẹ̀ bá tó.