Ọwọ́ Tó Rọ Kò Tíì Kú

Tí rọpárọsẹ̀ bá mú ènìyàn ní Ẹdẹ wa níbí, àwọn kan á ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Rárá o! Ọpọlọ ló ṣèṣe. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló ń darí tòsì.

Ní Shanghai, ní Ṣáínà, àwọn dókítà gé iṣan kan tó ń jẹ́ C7 lọ́rùn, ní ìhà ọwọ́ tó dá ṣáká, wọ́n so ó mọ́ ti ọwọ́ tó rọ. Apá ọpọlọ tó yè wá ń darí ọwọ́ méjèèjì. Ènìyàn 18 tí ọwọ́ wọn ti rọ ju ọdún 5 lọ ni wọ́n ṣe é fún. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: láàárín ọdún kan, ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti àwọn 18 tí wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Síbẹ̀, wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Tí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ rọ, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn!