Orí Kẹ̀kẹ́ Ológeere, láti Àpáta Olúmọ dé Odò Ọ̀yán

Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọ Abẹ́òkúta, tí ẹ̀rọ ń bá a gun òkè, tí ẹ̀rọ sì ń bá a sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, onítọ̀hún ti rí ìlú àwọn Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòkọjá ló wò ó, kì í ṣe àwòfín. Àárín àpáta ni a tẹ ìlú náà dó sí, àpáta ló sì ń pàṣẹ ibi tí ọ̀nà yóò gbà. Kẹ̀kẹ́ ológeere, tí orúnkún ẹni jẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ni ó lè fi yé ni, láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ìdí tí àwọn baba Ẹ̀gbá fi sá di òkúta, àti ìdí tí wọn kò fi lè jókòó sórí òkúta náà láìsọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò.

Àfẹ̀mọ́jú ló yẹ kí a gbéra, kí oòrùn tó mú. Láti Pansẹ́kẹ́, a ó gba Ìbarà àti Òkè-Ìlẹ̀wọ́ kọjá. Ilé ìfowópamọ́ àti ọ́fíìsì ló pọ̀ níbẹ̀, n kò sì ní í fi wọ́n dá ẹnikẹ́ni dúró. Bí a bá ti ré Sápọ́n kọjá ni òkè bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní jíà, kí ó fi sí èyí tí ó fúyẹ́ jù lọ, ẹni tí tirẹ̀ kò ní, kí ó bọ́ sílẹ̀, kí ó máa tì í lọ, nítorí kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Àwọn tíṣà, àwọn ajíhìnrere àti àwọn wolé-wolé ayé àtijọ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ Raleigh wọn nínú ṣòkòtò tí a fi páànù dè lẹ́sẹ̀, náà ti kẹ̀kẹ́ ní òkè yìí.

Ìtòkú ni ọjà àdìrẹ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a ti sinmi díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò se láfún ní ẹ̀kọ, yóò ti ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, yóò sì fi ya ara aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní í mú un. Oníkó ní tirẹ̀ yóò fi ìko di aṣọ ní kókó-kókó. Bí aláró bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò ẹ̀lú, ojú kò kọ́kọ́ rí àwọ̀ aró rárá. Àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ pọ́n ni, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn ti ń kàn án, yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni títí yóò fi dúdú. Lónìí, àbẹ́là tí a yọ́ ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ sára aṣọ dípò ẹ̀kọ, iṣẹ́ náà sì yá ju ti àtijọ́ lọ. Mo gbà pé oúnjẹ òòjọ́ ló fà á, àmọ́ ẹlẹ́kọ ṣì ni ọ̀gá lójú tèmi.

Ní Aké, ààfin Aláké àti ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ kò jìnnà síra. Ìlú yìí ni àlùfáà Àjàyí Crowther ti rí ìyá rẹ̀ ní ọdún 1846, lẹ́yìn tí ogun ẹrú ti yà wọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni ajíhìnrere Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kò jìn mọ́ dé Olúmọ, tí orí rẹ̀ ga tó mítà 137 sókè ju òkun lọ. Ìsàlẹ̀ àpáta yìí ni Ṣódẹkẹ́, aṣáájú Ẹ̀gbá, kó àwọn tí ogun lé kúrò ní ìletò wọn wá ní 1830. Bí a bá gòkè, tí a sì wo àwọn òrùlé páànù tí ó ti pupa, a ó mọ ìdí tí a fi ń wí pé Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba: ìletò kọ̀ọ̀kan kó orúkọ rẹ̀ àti ìjòyè rẹ̀ dání wá, ó sì wá àyè tirẹ̀ láàárín òkúta.

Ṣùgbọ́n òkúta kò ṣeé jẹ. Ìwọ̀-oòrùn ni odò Ògùn wà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni a ó bá sọ̀ dé Láfẹ́ńwá. Kí olúkúlùkù yẹ bíréèkì rẹ̀ wò kí ó tó dáwọ́ lé e. Odò Yemọja ni odò yìí, àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú sì gbé orúkọ náà dé Bràsíìlì àti Kúbà, níbi tí a ti ń bọ ọ́ títí dòní. Bí ẹni bá yà sí Aro, yóò dé èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé ẹrù láti Èkó wá kí reluwé tó dé. Ìhà yìí náà ni ọmọ ogun Gézò, ọba Dàhómì, gbà kọlu ìlú ní oṣù kẹta ọdún 1851, t'ọkùnrin t'obìnrin wọn, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Aro yìí kan náà ni Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi àwọn aláàrùn ọpọlọ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé ní nǹkan bí 1954, kí ara wọn lè yá láàárín ènìyàn.

Láti Láfẹ́ńwá, ọ̀nà Ìmálà ni a ó tọ̀, nǹkan bí ogún kìlómítà, láàárín oko ẹ̀gẹ́, dé ibi tí a ti sé odò Ọ̀yán kí ó tó dé inú Ògùn. Wọ́n ṣí ìdídò náà ní 1983, kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu. Omi tí ó lè gbà jẹ́ mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 270, ó sì tẹ́ lọ bí òkun kékeré. Bí òjò bá pọ̀, wọ́n níláti tú díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ìdídò má baà já. Omi náà a sì máa ya wọ ilé àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ odò títí dé ẹ̀bá Èkó. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́lé sí ipadò, tí ó sì dí ojú ọ̀nà omi, ti fún un láṣẹ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a ṣe ìrìn yìí, kí a mú páńpù àti omi dání, kí a sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Afárá Láfẹ́ńwá ló ṣòro jù lọ, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù àti ọ̀kadà ń du ojú kan náà mọ́ oníkẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tí ń tún títì ṣe ni pé, nígbà tí wọ́n bá tún dé ibẹ̀, kí wọ́n la ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin péré sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́ àti ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn.