Èbúté èrò ní Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn

Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn jẹ́ èbúté méjì ní etí ọ̀sà, níbi tí àwọn ará Ìjẹ̀bú ti ń wọ ọkọ̀ omi lọ sí Èkó kí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ilẹ̀ tó gba iṣẹ́ náà. Àwọn méjèèjì wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ìtàn wọn kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹ̀pẹ́ ṣì jẹ́ ìlú ńlá títí di òní, àmọ́ Èjìnrìn, tí ọjà rẹ̀ lókìkí nígbà kan rí, ti di ìlú kékeré. Ìyàtọ̀ yìí ni ó mú kí ìsọjí ìrìnnà ojú omi jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó kan àwọn ènìyàn agbègbè náà gbọ̀ngbọ̀n.

Ipò

Ẹ̀pẹ́ wà ní apá àríwá omi tí ó so ọ̀sà Èkó pọ̀ mọ́ ọ̀sà Lẹ́kkí. Èjìnrìn wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ní etí ọ̀sà kan náà. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, apá gúúsù ni ènìyàn yóò dorí kọ kí ó tó kan omi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di èbúté mú ni ó di ẹnu ọ̀nà Ìjẹ̀bú sí òkun mú.

Ìtàn

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Nínú àdéhùn náà ni wọ́n ti gbà pé Palma àti Lẹ́kkí ni èbúté tirẹ̀. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní ọdún 1862, ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì dó sí ní Erékùṣù Èkó ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Àwọn tí kò bá a padà ni a mọ̀ sí Èkó Ẹ̀pẹ́. Àwọn onílùú àkọ́kọ́ ni Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́.

Ní Èjìnrìn, ọjà ni ó gbé èbúté ró. Àwọn oníṣòwò Èkó a máa kó iyọ̀, aṣọ, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù wá. Epo pupa, ẹ̀kùrọ́ àti oúnjẹ ni ó ń ti òkè bọ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àlejò gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá lọ bá oníbàárà fúnra rẹ̀. Àwọn ni alárinà, èrè tí ó wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn sì ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ni ó dá ogun sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, wọ́n ṣe àdéhùn ní Èkó pé kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀, kí ìjọba sì máa san 500 pọ́n-ùn fún Awùjalẹ̀ lọ́dọọdún dípò owó ibodè. Àdéhùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Bí èbúté ṣe rẹ̀yìn

Ìṣẹ́gun yìí ṣí ọ̀nà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀nà mìíràn fi yọ. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Abẹ́òkúta ni ó gbà kọjá, kò ya Ìjẹ̀bú. Ẹrù Ìbàdàn tí ó ti ń gba etí ọ̀sà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn èyí ni títì ọlọ́dà gba èrò tí ó kù. Ẹ̀pẹ́ rí títì tí ó so ó mọ́ Ìkòròdú, Ìjẹ̀bú-Òde àti Lẹ́kkí, ó sì ní ọjà ẹja Olúwo. Ọjà tí àwọn tí ń wọ ọkọ̀ àti àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀ ń ná ni Èjìnrìn gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí èrò yà sí ibòmíràn, ọjà tú.

Ìgbìyànjú ìsọjí

Ní ìgbà ìṣèjọba Lateef Jakande (1979–1983), Ìpínlẹ̀ Èkó ra ọkọ̀ ojú omi láti máa kó èrò. Ní ọdún 2008 ni wọ́n dá LASWA sílẹ̀ láti máa mójú tó ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ náà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ LAGFERRY sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2020. Ètò tí ó tóbi jù ni Omi Èkó, tí iye owó rẹ̀ jẹ́ 410 mílíọ̀nù yúrò. Ilẹ̀ Faransé, Báńkì Ìdókòwò Yúróòpù àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ́wọ́ sí i. Ó wà fún gbígbẹ́ ọ̀nà omi, kíkọ́ èbúté àti ríra ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́.

Ìkòròdú ni àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wọn jù. Láti èbúté Ìpakòdò, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ ọkọ̀ omi lọ sí Erékùṣù Èkó láìfi ara gbá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú títì.

Ipa lórí ọrọ̀ ajé

Èbúté èrò yàtọ̀ sí èbúté ẹrù. Èbúté ẹrù bíi ti Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ń fi àpótí ẹrù ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ní èbúté èrò, ènìyàn ni ó ń sọ̀ kalẹ̀, owó ọwọ́ wọn sì ń kan ìlú náà ní tààrà: olóúnjẹ, aláte, ọlọ́kadà, ẹlẹ́ja àti onílé tí ń gba àlejò ni ó ń rí i gbà. Bí ọkọ̀ Ìjẹ̀bú bá ń pàdé ọkọ̀ omi ní Ẹ̀pẹ́, èrè náà lè dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Mọjọ̀dá àti Ẹ̀pẹ́, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tún ṣe, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 2021, mú kí èyí rọrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìpèníjà

Iyanrìn ń dí ọ̀nà omi, a sì gbọ́dọ̀ máa gbẹ́ ẹ lóòrèkóòrè. Lásìkò òjò, ewéko tí ń léfòó a bo ojú omi, a sì máa lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ìjàǹbá tún ń dẹ́rù ba èrò, pàápàá nínú ọkọ̀ onígi tí wọ́n bá kó èrò àkójù sí. Nítorí èyí ni òfin fi pọn dandan pé kí èrò wọ ẹ̀wù amúniléfòó, tí ó sì ka ìrìnnà òru léèwọ̀. Owó ọkọ̀ náà ṣe kókó: bí ó bá fi púpọ̀ ju ti ọkọ̀ ilẹ̀ lọ, aláròóbọ̀ tí ń gbé agbọ̀n ẹja kò ní wọ̀ ọ́. Ìtàn Èjìnrìn fi hàn pé bí èrò bá ti bá ọ̀nà mìíràn lọ, èbúté tí kò ní ohun mìíràn tí ó gbé e ró kì í pẹ́ tú.